Lẹ́ǹsì ńlá ni mo rà, ojú àmì ẹlòmíì ni ọfà mi lọ bà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì kọjá, ojú ṣì ń tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọrun compound (ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké létí) nílùú Òyìnbó níbí, ẹ mọ bí ara ṣe máa ń yá wa tá a bá kúrò nínú gbọ̀ngàn mítà 18, tá a jáde sí pápá mítà 50. Èmi ní àfi kí n ra lẹ́ǹsì tuntun sínú scope mi, ìyẹn òrùka tó wà níwájú ọrun tí mo fi ń wo àmì. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀kan ń bẹ tó ń jẹ́ 8x, dioptre (agbára lẹ́ǹsì) rẹ̀ jẹ́ 1.00. Mo sanwó. (Kì í ṣe fáàrí o. Mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ojú ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.)

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo rí ihò ọfà àná lára pépà. Mo ní mo ti dé nìyẹn.

Ọjọ́ ìdíje wá dé. Atẹ́gùn ń fẹ́, òjò ń ṣe wínníwínní. Ẹ sì mọ̀ pé ojú àmì mẹ́rin ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ pátákó kan, oníkálukú ní tirẹ̀. Mo fa ọrun, mo yojú nínú peep, ihò kékeré tó wà lára okùn ọrun. Yẹ́lò, àwọ̀ àárín àmì, ni mo rí. Kò sí pupa, kò sí búlúù, n ò rí etí pépà rárá, yẹ́lò kún inú lẹ́ǹsì bámúbámú. Àmì kékeré tó wà láàárín lẹ́ǹsì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ògógóró. Ẹ̀kán òjò kan bà lé e. Ẹ̀rù bà mí, mo gbá release (ohun tá a fi ń tú okùn ọrun sílẹ̀), ọfà lọ. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lára pátákó, ó dùn létí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

A rìn débẹ̀. Nínú ọfà mẹ́fà tí mo ta, márùn-ún ló wà lójú àmì tèmi. Méje wà lójú àmì obìnrin tá a jọ ń ta pátákó kan. Èyí tó ní ìyẹ́ aláwọ̀ ewé, tèmi, ló wà láàárín gbùngbùn, nínú X gangan, òrùka tó kéré jù lọ. Adájọ́ wò ó, ó kọ M (miss, ìyẹn àṣìta) síwájú orúkọ mi. Òdo! Obìnrin yẹn rọra fọwọ́ gbá mi léjìká. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ohun tí mo kọ́ ni pé lẹ́ǹsì kì í mú ọwọ́ dúró. Bó ṣe ń sọ àmì di ńlá ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ di ńlá. Tó o bá rí i pé ó ń gbọ̀n, wàá kánjú, wàá gbá release.

Ẹ má tẹ̀lé 4x àti 8x tí wọ́n ń pè, iye dioptre ni kẹ́ ẹ bèèrè. Òun àti bí lẹ́ǹsì ṣe jìnnà sójú ló ń sọ bó ṣe máa sọ nǹkan di ńlá tó. Tó bá tó bíi sẹ̀ntímítà 85 sójú rẹ, 0.50 á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àmì di ìlọ́po méjì, 0.75 á sún mọ́ mẹ́ta. Tèmi yìí lé ní mẹ́fà, láìsí clarifier (lẹ́ǹsì kékeré tó ń mú kí àmì hàn kedere) nínú peep, kùrukùru lásán ni. Mo ra clarifier náà, owó lórí owó.

Ẹ yá ti ẹlòmíì wò kẹ́ ẹ tó ra tiyín. Tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ẹ tún sight yín (ohun tẹ́ ẹ fi ń wo àmì) tò látìbẹ̀rẹ̀. (Ẹ̀yin oní-recurve, tí ọrun yín ò ní kẹ̀kẹ́, ẹ máa lọ ní tiyín, òfin ò gba lẹ́ǹsì fún yín.)

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ gbọ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi burú ju tẹlòmíì lọ o, ọwọ́ gbogbo wa ló ń gbọ̀n. Lẹ́ǹsì kékeré kàn ń bá èèyàn bò ó ni.

Mo yá 0.50 lọ́wọ́ bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gba máàkì 648 nínú 720.

1.00 yẹn wà nínú àpótí mi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó wá, kó má ṣáà bi mí iye tí mo rà á.