Tísà ẹnu géètì

Ọjọ́ àwọn tísà lágbàáyé lòní, 5 October, gbogbo èèyàn ló ń kọ nípa tísà tó kọ́ wọn, àwọn kan tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún tísà tí wọ́n máa ń sá fún nígbà yẹn, ẹ̀rín pa mí. Ní tèmi o, ẹni tí ò kọ́ mi rí lọ̀rọ̀ ẹ̀ ń wá sí mi lọ́kàn látàárọ̀, Andria Zafirakou, tísà iṣẹ́ ọnà ní Alperton Community School ní Brent, London. Òun ló gba Global Teacher Prize, àmì ẹ̀yẹ fún tísà tó ta yọ lágbàáyé, lọ́dún 2018, mílíọ̀nù kan dọ́là gbáko.

Àwọn tó ti òkèèrè wá pọ̀ ní Brent yẹn gan-an, àwọn ọmọ iléèwé náà nìkan ń sọ èdè bíi 35, Òyìnbó ò sì tíì yọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu. Kí lobìnrin yìí wá ṣe? Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní púpọ̀ lára àwọn èdè yẹn, Gujarati ni o, Tamil ni o, á lọ dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, á máa kí wọn, á sì máa wò wọ́n títí wọ́n á fi wọ bọ́ọ̀sì torí àwọn ọmọ gáǹgì tó ń wá ọmọ tí wọ́n máa fà mọ́ra. Àwa tá a ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ó yẹ kó yé wa bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá kí èèyàn níbi tí ò ti mọ ẹnì kankan. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní pámárì, nílẹ̀ Yorùbá níbí o, fáìnì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì! Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ohun tó sọ nípa ilé àwọn ọmọ náà, pé ìdílé bíi mélòó kan ló máa ń há sínú ilé kan ṣoṣo, débi pé inú bálùwẹ̀ làwọn ọmọ kan ti ń ṣe àṣetiléwá. Mo kàn ń rò ó ni, ìwé lórí itan, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ń kanlẹ̀kùn gbà gbà gbà, ọmọ ṣì ń wá ìdáhùn ìbéèrè kẹrin. Àwọn míì ò lè dúró lẹ́yìn iléèwé torí àwọn ló ń lọ mú àwọn àbúrò wọn níléèwé. Ló bá ṣètò àyè fún wọn láàárín ọjọ́ iléèwé, àti lópin ọ̀sẹ̀ pàápàá, kí wọ́n lè ríbi tó dákẹ́ jókòó sí.

Owó ọ̀hún ńkọ́? Èmi ì bá ti ra ilẹ̀, òun fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Artists in Residence, tó ń mú àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ àwọn iléèwé. Bàbá mi ì bá ní ṣé àwòrán yíyà náà niṣẹ́, ẹ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ò gbọ́ Òyìnbó, kí ló fẹ́ sọ ní kíláàsì ìtàn? Ní kíláàsì obìnrin yìí, tó bá ti rí pẹ́ńsùlù àti bébà, á máa yàwòrán tiẹ̀ lọ bíi tàwọn tó kù.