Ọdún tí ìka mi kò kúrò lábẹ́ iná pupa

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Lóṣù kìn-ín-ní, nǹkan mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi fún 2024: màá parí iṣẹ́ ìwádìí máàsítà mi, màá san gbèsè tí mo jẹ bùọ̀dá mi, màá sì dín iyọ̀ kù. Gbèsè ti tán. Ti iyọ̀, ẹ má bi mí. Ti ìwádìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, òun ni mo sì fẹ́ rò fún yín kí ọdún tó yí.

Físíìsì ni mo ń kà n'Ìbàdàn. Semiconductor ni ẹ̀ka tí mo yàn, ìyẹn àwọn nǹkan bíi sílíkọ́nì tí kì í gbé iná kọjá bíi bàbà, tí kì í sì í dènà rẹ̀ bíi rọ́bà. Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, inú àárín yẹn sì ni fóònù tí ẹ fi ń ka èyí ti jáde. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, sólà ni mo fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Ta ni kì í ṣe ti sólà ní Nàìjíríà? Prof ti fọwọ́ sí i, mo ti ń ka ìwé lọ ràì. Ìyá Àgbà ló da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Lóṣù kejì, ikọ́ wọn le débi pé wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ni wọ́n ń sùn. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré kan há wọn lọ́mọ-ìka, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pulse oximeter. Ẹ ti rí i rí, pàápàá láti ìgbà Kòrónà. Iná pupa tàn nínú rẹ̀, nọ́ńbà jáde: 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó dúró tì wá ní ọ́síjìn ara wọn dára, kí a lọ fọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ imú màmá ń fẹ̀, èjìká wọn ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré gun òkè. Àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbòmíràn wo ojú wọn, ó wo nọ́ńbà, ó ní òun ò gbà. Ó bẹ̀bẹ̀, ó tún fẹ́ẹ̀ jà, títí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ níbi iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ màmá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn sọ pé 87 ni. Wọ́n gbé ọ́síjìn sí wọn nímú lójú ẹsẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́: Ìyá Àgbà wà láàyè. Wọ́n wà ní pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n jà.

Ṣùgbọ́n 95 àti 87 kò jẹ́ kí n sùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Prof lọ, bí ẹni tó kàn ń ròyìn ìdí tí òun ò fi wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí, wọ́n wá ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀rọ náà?" Mo ní LED méjì, ìyẹn iná kékeré tí wọ́n fi semiconductor ṣe, àti ojú sílíkọ́nì kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń ka semiconductor nínú àwa méjèèjì báyìí?" Bí sólà ṣe bá tirẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹni tí físíìsì bá ń rẹ̀, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Nínú LED, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń já láti orí pẹpẹ òkè sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, agbára tó bọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń já ló ń di ìmọ́lẹ̀. Bí àlàfo pẹpẹ méjèèjì bá ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ náà máa ní. Àlàfo bíi 1.9 eV (eV ni a fi ń wọn agbára yẹn) máa ń fún wa ní pupa, nánómítà 660 (nánómítà ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Bíi 1.3 eV máa ń fún wa ní infrared, nánómítà 940, tí ojú wa ò lè rí. Sílíkọ́nì tó dúró de ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lódì kejì ìka, 1.1 eV ni àlàfo tirẹ̀. Ó kéré sí ti àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi sí èyí tó lè fara pa mọ́ fún un. LED tó ń tan pupa tí ojú lè rí, Nick Holonyak ló kọ́kọ́ ṣe é ní General Electric lọ́dún 1962, ẹnikẹ́ni ò sì ní ìka aláìsàn lọ́kàn nígbà náà.

Ẹ̀jẹ̀ ló wá ṣe ìyókù. Hemoglobin ni ohun tó ń ru ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó gbé ọ́síjìn máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa kọjá dáadáa, ohun tó jẹ́ kó pupa fòò nìyẹn. Èyí tí ọ́síjìn ti bọ́ lára rẹ̀ ń gbé pupa mì. Tó bá kan infrared, wọ́n pààrọ̀ ipò: èyí tó gbé ọ́síjìn ló ń gbé e mì jù. Fi èyí tó kọjá nínú méjèèjì wéra, wàá mọ iye hemoglobin tó ru ẹrù àti iye tó ń rìn lófìfo.

Àmọ́ ìka kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Awọ wà níbẹ̀, eegun wà níbẹ̀, ọ̀rá, àti ẹ̀jẹ̀ tó ti ń padà lọ sọ́kàn. Ẹni tó tú kókó yìí ni Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nihon Kohden. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ́síjìn ló ń wá. Wọ́n máa ń fún àwọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ àwọ̀ náà létí ènìyàn kó lè mọ bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ síta tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá lù, gíráàfù rẹ̀ á gbọ̀n. Ó ń wá bó ṣe máa pa gbígbọ̀n yẹn rẹ́ ni ó fi yé e pé ohun tó ń lù yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọkàn bọ̀, pé ohun tí kò bá ti lù, èèyàn lè fi ìṣirò yọ ọ́ dànù. Ó gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Japan lọ́dún 1974. Oṣù kẹrin 2020 ló kú, nígbà tí gbogbo ayé ń du ẹ̀rọ rẹ̀ rà nítorí Kòrónà. Òru ni mo ka ibẹ̀ yẹn. Mo pa fóònù, mo jókòó sínú òkùnkùn fúngbà díẹ̀. Òótọ́ ni pé NEPA ti mú iná lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé.

Ohun tí kò bá ti lù, ká yọ ọ́ dànù. Awọ kì í lù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Torí LED kì í tan nánómítà 660 ṣoṣo gérégé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Mẹ́lánììn, ohun tó ń mú awọ wa dúdú, máa ń gbé ìgbì kúkúrú mì ju ìgbì gígùn lọ, nítorí náà kí ìmọ́lẹ̀ pupa tó dé ibi ẹ̀jẹ̀, awọ ti bù lára rẹ̀, apá kan ló sì bù jù. Ó ti dín kù, ó sì ti yẹ̀. Lọ́dún 1990 ni àwọn oníṣègùn méjì, Jubran àti Tobin, ti kọ̀wé pé ẹ̀rọ náà ń ṣìnà lára àwọn aláìsàn adúláwọ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Oṣù kejìlá 2020 ni Michael Sjoding àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan tó tún gbé e jáde: nínú àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, ti ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn adúláwọ̀ kò tó 88 nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2013 sì sọ pé bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ dán irú ẹ̀rọ yìí wò, kó lo ó kéré tán ènìyàn mẹ́wàá, kí méjì nínú wọn dúdú, tàbí kí adúláwọ̀ jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Méjì! Nínú mọ́tò Dùgbẹ̀ kan ṣoṣo, wọn ì bá rí méjìdínlógún.

Mi ò rò pé ìkà ló ṣe é. Ẹni tó bá ń dán aṣọ wò lára ara rẹ̀ nìkan, òun nìkan ni aṣọ náà máa bá mu. Lọ́dún yìí náà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dìde: FDA pe ìgbìmọ̀ rẹ̀ jọ lé e lórí lóṣù kejì, oṣù kẹta sì ni ìròyìn ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Whitehead darí jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ pé ẹ̀tanú irú èyí wà nínú àwọn ohun èlò ìṣègùn, oximeter sì wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa tún gun àtẹ̀gùn.

Níbí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Lóṣù kẹfà, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí WhatsApp ẹbí wa pé kí wọ́n má gba oximeter gbọ́ mọ́, pé irọ́ ló ń pa fún awọ dúdú. Ìbátan wa kan tó jẹ́ dókítà pè mí, kò kí mi. Ó ní ṣé mo mọ iye ọmọ tí ọ́síjìn ń tán lára wọn tí ojú lásán ò lè mọ̀? Ó fi ìwádìí kan ránṣẹ́ sí mi, tí àwọn oníṣègùn ọmọdé Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade wà lára wọn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Melbourne ṣe ní ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Oximeter àti ọ́síjìn ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀, sí àwọn ibi tó jẹ́ pé ojú ni nọ́ọ̀sì ń wò tẹ́lẹ̀ kó tó mọ ọmọ tó máa gbé ọ́síjìn fún. Mo kà á tán, ojú tì mí. Mo padà sí WhatsApp lọ tọrọ àforíjì. Títí di òní, bùọ̀dá mi ṣì ń pè mí ní "Dókítà Irọ́ Ni".

Ká sì sọ òótọ́, mi ò lè búra pé awọ nìkan ló ṣe ti Ìyá Àgbà. Ọwọ́ wọn tutù nini lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ tó bá sì tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í lù dáadáa nínú ìka. Èyí wà nínú ohun tí mi ò mọ̀ lóṣù kẹfà tí mò ń pariwo.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ mi ńkọ́? Mo ra sẹ́ńsọ̀ MAX30102, èyí tó ní LED 660 àti 880 lórí pátákó tí kò tó èékánná. Àkọ́kọ́, èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù sọ́dà jó o pa. Èkejì ṣiṣẹ́. Torí pé mi ò tíì gbàṣẹ láti lo ara ẹlòmíràn, ìka tèmi ni mò ń fi sí i, mo wá ń fi jẹ́látìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo da àwọ̀ sí sáàárín ìka àti sẹ́ńsọ̀, kó dà bí awọ tó dúdú sí i. Tàdáwà ni mo kọ́kọ́ lò, mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Àlùfáà àdúgbò wa. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, nọ́ńbà ò yẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ ò jẹ̀bi ni Prof bi mí pé ṣé tàdáwà jọ mẹ́lánììn. Kò jọ ọ́! Bí tàdáwà ṣe ń gbé ìgbì kúkúrú mì náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ń gbé ìgbì gígùn mì, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ dín kù ṣùgbọ́n kò yẹ̀, ẹ̀rọ sì ti yọ ohun tí kò lù dànù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọn ohun tí ìṣirò ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá sọ fún mi. Mo bọ́ sórí kọfí tó le, tó ń gbé ìgbì kúkúrú mì ju ìgbì gígùn lọ bíi mẹ́lánììn. Ìyẹn gbé nọ́ńbà sókè ní ìdá kan tàbí méjì. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bí mo bá tẹ ìka mọ́lẹ̀ jù, ó ń yẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lọ́dún yìí kò sí nínú iṣẹ́ mi rárá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide, òun náà máa ń gun orí hemoglobin, ó sì máa ń lé ọ́síjìn kúrò. Lójú oximeter onímọ́lẹ̀ méjì, hemoglobin tó gbé èéfín àti èyí tó gbé ọ́síjìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹni tí wọ́n gbé jáde nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lè máa kú lọ, kí ẹ̀rọ máa kọ 98. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, mo bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù olè.

Ìyókù ọdún, wéréwéré. Iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ léraléra, lóṣù kẹwàá ó dà bí eré. Epo bẹntiróòlù kọjá ₦1,000 lítà kan, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù nìkan ni mò ń ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n fún Hopfield àti Hinton ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ (AI), àwa ọmọ kíláàsì jà fún ọjọ́ méjì lórí pé ṣé físíìsì nìyẹn. Èmi ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣì dúró lórí ẹ̀.

Mi ò parí máàsítà. Ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lórí ènìyàn dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan torí pé mi ò kọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jàre. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àṣẹ jáde. Lóṣù kìn-ín-ní, màá wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kọjá lára oríṣiríṣi awọ, ọ́síjìn ẹnikẹ́ni ò ní dín kù. Òṣùwọ̀n àwọ̀ Monk tó ní ìpele mẹ́wàá ni màá lò, torí pé ti Fitzpatrick, nítorí bí oòrùn ṣe ń jó awọ ni wọ́n ṣe ṣe é lọ́dún 1975.

Àbúrò mi ní òun ló máa kọ́kọ́ jókòó, torí pé òun ló bá wọn jà nílé ìwòsàn. Ìyá Àgbà ní ìka ta ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń bọ làálì kúrò ní èékánná wọn láti àná, wọn ò sì tíì bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.