Àgbébọ̀ Tuntun Nínú Ilé Adìẹ Wa ní Kubwa

Àgbébọ̀ márùn-ún ló wà nínú ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé wa kí èyí tó dé. Irú Shika Brown ni gbogbo wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹfà yìí jẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ ìyá Gbàgyí kan ní Bwari: kò sanra, ogbe rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ sì mú. Mo mọ̀ pé ó sàn kí a mú méjì wọlé pọ̀, kí wọ́n lè jọ pín ìyà ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àyè kò gbà á. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ tó 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà lórí ọ̀pá tí ó ń bà lé sùn, ọ̀pá tiwa kò sì gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ.

Ìyàsọ́tọ̀

Inú àgò lẹ́yìn ilé ìdáná ni ó kọ́kọ́ gbé, níbi tó jìnnà sí àwọn yòókù. Ìgbà ọyẹ́ la wà, àsìkò tí àrùn Newcastle máa ń ṣọṣẹ́, adìẹ tó bá sì ti kó o lè máa jẹ, kí ó máa mu, fún ọjọ́ díẹ̀ kí àmì kankan tó yọ lára rẹ̀. Mo kán àjẹsára sí i lójú, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn tó ti wà ní Vom, nítòsí Jos, láti ọdún 1924 ń ṣe.

Nígbà tí ara rẹ̀ dá mi lójú, mo gbé àgò náà sún mọ́ ọgbà, ó ku wáyà nìkan láàárín òun àti àwọn onílé. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń gbé àdúgbò yọjú wò wá, wọ́n ní, “Ọmọ mi, nílé wa, okùn la máa ń so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí yóò fi mọ ilé.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Àgò yìí ni okùn tèmi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá lọ.

Èrò mi ni pé ìgbà tí wọ́n fi ń wo ara wọn gba inú wáyà yìí ṣe pàtàkì ju òru tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí a máa gbé adìẹ tuntun wọlé lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1921 ni Thorleif Schjelderup-Ebbe, ará Nọ́wè, ti ṣàlàyé pé àwọn adìẹ tó ń gbé pọ̀ ní ipò láàárín ara wọn: eléyìí lè ṣá tọ̀hún, tọ̀hún kò sì gbọdọ̀ ṣá a padà. Orí àti ogbe ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń mọ àjèjì. Ohun tí òru ń ṣe fún wa kò ju pé ojú adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, kò sì lè bá ẹni tí kò rí jà. Òru kò parí ìjà náà. Ó kàn sún un di òwúrọ̀ ni.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn márùn-ún sì wọlé gun ọ̀pá wọn. Mo ti dán etí igi náà kí ó má baà ha wọ́n lẹ́sẹ̀, mo sì ti kàn án mọ́ ògiri gírígírí, nítorí orí ọ̀pá tó ń mì kò yàtọ̀ sí orí okùn, gbogbo wa la sì mọ bí ara ṣe ń rọ adìẹ tó bà lókùn.

Mo dúró títí di aago mẹ́jọ kí ilẹ̀ lè ṣú dáadáa. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná fóònù kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lè máa yọ láàárín ìka, mo sì gbé àgbébọ̀ náà mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ kejì, tí mo fi apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn lára. Mo fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀: ó kún, ebi kò sì ní jí i. N kò gbé e sí ẹ̀bá èyí tó jẹ́ olórí wọn, tí ó máa ń sùn lápá ọ̀tún lẹ́bàá ògiri. Àárín àwọn méjì tí wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà ni mo fi í sí. Kò sí pé à ń fipá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan igi ni ìka rẹ̀ ṣí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó gbé èkejì, ó sì lọ́sọ̀ọ́. Bí adìẹ bá ti lọ́sọ̀ọ́ báyìí, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á fa ìka mọ́ igi fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ń já bọ́ lójú oorun. Èyí tó wà lápá òsì rẹ̀ kùn díẹ̀, ó sún, ó sì ti orí bọ abẹ́ apá.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì

Mo ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo gbé oúnjẹ sí ojú méjì àti omi sí ojú méjì, mo sì fi pákó kan ti ògiri kí ẹni tí wọ́n bá ń lé lè rí ibi sá sí. Olórí wọn kò fi àkókò ṣòfò. Ó wú ìyẹ́ ọrùn, ó ṣá àlejò lórí lẹ́ẹ̀mejì, àlejò sá sẹ́yìn pákó, ọ̀rọ̀ sì tán fún ìgbà díẹ̀. N kò dá sí i. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìbá mú mi gbé e jáde, nítorí bí wọ́n bá ti rí ojú ọgbẹ́ pupa, gbogbo wọn ni yóò máa ṣá a.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Ìrọ̀lẹ́ ló wá di iṣẹ́. Bí àwọn yòókù bá ti gun ọ̀pá, àgbébọ̀ yìí a dúró sí igun, mo sì ní láti máa gbé e gòkè lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra rẹ̀, àmọ́ inú àpótí tí wọ́n ń yé ẹyin sí ló ń sùn, ó sì ń fi ìgbẹ́ ba ibẹ̀ jẹ́. Mo wá ń fi pákó dí ẹnu àpótí náà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń ṣí i ní kùtùkùtù. Ọ̀pá kejì tí mo kàn sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ ló ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ jù, nítorí ó ń fi í ṣe àtẹ̀gùn.

Ní báyìí, ó ń gun òkè láìsí ìrànlọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Kò tíì yé ẹyin kankan láti ìgbà tó ti dé, èyí kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ìyípadà ibùgbé máa ń dá ẹyin dúró. Iṣẹ́ tó kàn ni kí n fi iná yẹ abẹ́ ọ̀pá méjèèjì wò ní òru, bóyá àwọn kòkòrò pupa kéékèèké tó ń sá pamọ́ sínú ihò igi lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń jáde fa ẹ̀jẹ̀ adìẹ lóru, ti wọ ibẹ̀.