Ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ikùn nù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù n'Ífẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé àwòrán inú ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ní jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kó tó lè rìn. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi inú ikùn lọ̀nà tó mọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì á já bọ́ sínú omi náà, èémí tá à ń mí àti ìfun tó ń yí á sì máa gbé e káàkiri. Irú tó wọ́pọ̀ jù, high-grade serous, kì í tilẹ̀ sábà bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ẹyin fúnra rẹ̀. Etí fallopian tube, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ, ló ti sábà máa ń ṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara tí kò bá rí nǹkan dì mọ́, kíkú ló ń kú. Anoikis ni wọ́n ń pe ikú yẹn. Kí ló wá dé tí èyí kì í kú? Ẹ yí omi ikùn aláìsàn nínú sẹ́ńtífúùjì, ẹ tẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí síláìdì, ẹ pa á láró. Ẹ ó rí wọn, wọ́n ṣù bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, kóró àárín wọn tóbi, ó dúdú, ọ̀kan ò jọ èkejì. Ara wọn ni wọ́n dì mọ́! Oògùn kì í sì tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láàárín ìṣù. Èmi o, mo lè jókòó ti irú síláìdì bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi pa iná.

Tí ìṣù náà bá kan awọ ikùn, MUC16, prótéènì kan lára rẹ̀, á di mesothelin, prótéènì ara awọ ibẹ̀, mú. Lẹ́yìn náà, á fi integrin (prótéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di nǹkan mú) àti myosin (àwọn ìbátan myosin tí iṣan apá wa fi ń súnkì) taari àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ náà kúrò lọ́nà. Ibi tó wù ú jù ni omentum, ọ̀rá tó bo ìfun. Lọ́dún 2011, olùwádìí kan, Nieman, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ibẹ̀ ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, tí FABP4, prótéènì tó ń gbé ọ̀rá, sì lọ́wọ́ sí i.

MUC16 yìí náà ni CA-125 tí ẹ ń rí lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ yìí. Tó bá ga fún ìyá kan tí ikùn rẹ̀ wú n'Iléṣà, ẹ má tètè dájọ́: fáíbírọ́ọ̀dù, oyún, àní nǹkan oṣù pàápàá lè gbé e sókè. Ẹ béèrè omi ikùn, kẹ́ ẹ sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.