EHCP: Ẹ Má Wo Ọ̀rọ̀ Dídùn Káńsù, Wákàtí Ni Kẹ́ ẹ Kà

Gbogbo káńsù ní England ló ní ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Local Offer. Òfin Children and Families Act 2014 ló sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n to ìrànwọ́ tó wà fún ọmọ tó ní ìpèníjà àti ìdílé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e: àtẹ ọjà lásán ni. Ìwé tí káńsù kò lè yẹ̀ ni EHCP (Education, Health and Care Plan), ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí ọmọ nílò àti ìrànlọ́wọ́ tó gbọ́dọ̀ rí gbà.

Òbí lè kọ̀wé béèrè fún un fúnra rẹ̀. Kò dìgbà tí ilé ìwé bá bá yín kọ ọ́, kò sì dìgbà tí dókítà bá sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Àwọn káńsù kan á ní kí ilé ìwé kọ́kọ́ ná £6,000 lórí ọmọ náà. Ìlànà tiwọn nìyẹn, kì í ṣòfin. Ìbéèrè méjì péré lòfin ní: ṣé ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì lórí ẹ̀kọ́, tàbí ó ṣeé ṣe kó nílò rẹ̀? Ṣé ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé EHCP ló máa gbà? Í-meèlì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí ọjọ́ má baà di àríyànjiyàn. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fèsì, ọ̀sẹ̀ 20 láti parí gbogbo rẹ̀.

Bí draft EHCP náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí wọn kò tíì parí, bá dé, ó kéré tán ẹ ní ọjọ́ 15 láti dá wọn lóhùn. Section F, ibi tí wọ́n ń kọ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ sí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, section 42 òfin 2014 yẹn ní káńsù gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀, owó ìbáà má sí lápò wọn. Abájọ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ láìṣe pàtó! "Yóò máa rí ìrànlọ́wọ́ nígbà tó bá yẹ": ta ló fẹ́ fìyẹn mú ẹnikẹ́ni? Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: "Ìṣẹ́jú 45 lọ́sẹ̀, òun nìkan pẹ̀lú speech therapist (amòye ọ̀rọ̀ sísọ), ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé bá wà." Inú ìròyìn àwọn therapist ni káńsù ti ń da ọ̀rọ̀ kọ. Bí tiwọn kò bá ní iye wákàtí, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ. Kẹ́ ẹ sì fi ìka tọ Section B, ibi tí wọ́n kọ ìṣòro ọmọ sí, ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ìṣòro tó bá wà níbẹ̀ tí kò ní ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ ní F, wọ́n ti fò ó nìyẹn.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè pe ẹjọ́ ní tríbúnà, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí; kì í gbowó. Oṣù 2 lẹ ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà wọn, tàbí oṣù 1 lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí mediation (ìjókòó ìlàjà láàárín ẹ̀yin àti káńsù), èyí tó bá pẹ́ jù. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí náà. Jíjókòó fún mediation fúnra rẹ̀ kò pọn dandan. SENDIASS àdúgbò yín, àwọn tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, á ràn yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ físà wá ńkọ́? Owó DLA (Disability Living Allowance, owó ìjọba fún ọmọ tó ní ìpèníjà) wà lára public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí ọ̀pọ̀ físà kò gbà kéèyàn gbà, nítorí náà ẹ rí agbẹjọ́rò físà kẹ́ ẹ tó béèrè fún un. EHCP kò sí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrànwọ́ section 17 Children Act 1989, tó ka ọmọ tó ní ìpèníjà sí ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ káńsù. Ẹ kọ̀wé béèrè fún assessment rẹ̀ (àyẹ̀wò ohun tí ọmọ nílò), kẹ́ ẹ sì dárúkọ short breaks níbẹ̀, ìyẹn kí ẹlòmíì máa bá yín tọ́jú ọmọ fúngbà díẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè rí sùn.