Ọdún tí mo fi gbọ́ ariwo

Ẹ kú ọdún o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe ní Japan, ariwo ni mo gbọ́. Iṣẹ́ mi ni kí kọ̀ǹpútà lè sọ tẹ́lẹ̀ iye ọ̀rọ̀ tí etí èèyàn máa mú nínú ariwo, ká yé ti olùgbọ́ mọ́nú yàrá kékeré títí ọrùn á fi dùn ún.

STOI ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ṣe máa yéni sí, tí Taal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010. Ńṣe ló ń fi ohùn tó mọ́ wé èyí tí ariwo ti dà lù, ní ègé-ègé, bíi 384 mílísẹ́kọ́ǹdù lẹ́ẹ̀kan, á wá fún un ní máàkì. Bó bá ti ń sún mọ́ 1, ó yẹ kó yéni. Ó yẹ o.

Àmọ́ ní èdè Japan, kite ni “wá”, kitte ni sítáǹpù orí lẹ́tà. Ohun tó yà wọ́n ni pé ẹnu dákẹ́ díẹ̀ sí i kí t tó jáde. Ìdákẹ́! Ibẹ̀ gan-an ni ariwo ń rọ́ sí. Ti hashi ò dà mí láàmú: bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀, igi ìjẹun ni, bó bá gòkè, afárá ni. Ẹni tó ti ń pe ọkọ̀ àti ọkọ́ láti kékeré, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù níbẹ̀?

Èyí tó gba oorun lójú mi ni ọ̀rọ̀ tó mọ́ni létí. Àkójọ kan wà, FW07, tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sí ìpele-ìpele bó ṣe mọ́ àwọn èèyàn létí sí. Mo fi ariwo bo tomodachi, ọ̀rẹ́, débi pé èmi ò gbọ́ ju da lọ. Ìyá àgbà tó jókòó gbọ́ ọ fún mi ti kọ ọ́ tán kí n tó mí. Ó dé orí ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀, ariwo kan náà, ìyá ní, “Kí nìyẹn?” Máàkì STOI fún méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohùn ló ń wọ̀n, kò mọ ohun tó ti wà lórí ìyá tẹ́lẹ̀. Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi wá bí mo ṣe máa fi ìyẹn kún ìṣirò, ó sì ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Oṣù kẹfà ńkọ́? Èmi náà ni. Mo kọ -3 (ìyẹn ni pé ariwo fi dẹ́síbẹ́lì mẹ́ta ju ohùn lọ) sára fáìlì tó wà ní +3, níbi tí ohùn ti ju ariwo lọ. Àmì kékeré yẹn jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ báyìí ni má-fọwọ́-kàn-án.