Mo tẹ̀lé àwo jáàsì dé New York

Báàgì kan, bàtà ìrìn kan, àti àríyànjiyàn tí mo ti ń bá àwọn olólùfẹ́ jáàsì fà láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo gbé lọ sí New York. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé àwo tí wọ́n bá ká níwájú èrò dùn ju èyí tí wọ́n ká nínú sítúdíò lọ. Àbúrò mi obìnrin tẹ̀lé mi, ó sì ti kìlọ̀ kí a tó gbéra: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bá yín lọ o, ṣùgbọ́n ẹ má fi tipá mú mi fẹ́ràn orin àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

Village Vanguard, ilé eré jáàsì kan ní Seventh Avenue South, la kọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú alẹ́ Mọ́ńdè ni, nítorí láti 1966 ni ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ti ń ṣeré níbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Thad Jones àti Mel Lewis ló dá a sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ti lọ, ẹgbẹ́ ò tú. Ilẹ̀kùn pupa lẹ máa rí lójú títì, ẹ ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀.

Yàrá yẹn kéré! Ó fẹ̀ lẹ́yìn, ó wá ń fún bọ̀ níwájú níbi tí àwọn olórin wà, kò sì gbà ju èèyàn bí 120 lọ. Ẹni tó ń fọn trombone ló kọjú sí mi gan-an. Bó bá ti na ọ̀pá fèrè rẹ̀ síwájú, èmi náà á fa orí sẹ́yìn. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ló bá tún na ọ̀pá náà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó sinmi, ó ṣí ojú ihò kékeré kan lára fèrè, ó da omi itọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó balẹ̀ sórí bàtà àbúrò mi. Àbúrò mi wo bàtà rẹ̀, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀sùn kan tí mo ti ń fi kan àwọn èèyàn láti ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ Sunday, 25 oṣù Kẹfà 1961, Bill Evans ta dùùrù nínú yàrá yìí, Scott LaFaro wà nídìí béèsì, Paul Motian wà nídìí ìlù, wọ́n sì yọ àwo méjì nínú ohun tí wọ́n ká lọ́jọ́ náà, Sunday at the Village Vanguard àti Waltz for Debby. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí jàǹbá mọ́tò pa LaFaro, ọmọ ọdún 25. Ẹni tó bá gbọ́ àwo náà dáadáa á gbọ́ ìró ife, á gbọ́ ẹ̀rín. Inú mi máa ń ru. Irú èèyàn wo ló ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń ta irú dùùrù bẹ́ẹ̀? Àfi ìgbà tí èmi fúnra mi gbé ife kalẹ̀ lórí tábìlì kékeré yẹn, tó fi kan ife ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó dún kọ̀ọ́. Jìnnìjìnnì bò mí. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ibi tí ara ti kan ara báyẹn, ife á dún.

Síbẹ̀, tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ká níbẹ̀, ti Sonny Rollins, afọn-sàksófóònù, ní 1957 ni n ó mú. Kò sí dùùrù níbẹ̀ rárá: sàksófóònù, béèsì, ìlù. Kò síbi tí ọ̀lẹ lè sá pamọ́ sí. Elvin Jones ń da ìlù bolẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, Rollins ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ni ilẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí Williamsburg Bridge lọ́jọ́ kejì. Ní 1959, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, Rollins dédé pa eré ṣíṣe tì fún bí ọdún méjì. Ìyìn tí wọ́n ń kó fún un pọ̀ ju ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe lọ, lójú tirẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan wà nínú oyún, kò sì fẹ́ máa fọn fèrè sí i létí, ló bá ń gbé e lọ sórí afárá yìí, ó ń fọn ọ́n lórí omi East River.

A gùn ún láti Delancey Street. Òkè ọ̀nà mọ́tò ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá láàárín afárá. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, irin á gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ kan fún mi, ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé nìkan ni mo ń rí. Mo ní, áà, abájọ tí ohùn ọkùnrin yìí fi tóbi tó bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú irin jiyàn lójoojúmọ́ kò lè ní ohùn tín-ín-rín. (Kí n má parọ́: ohùn náà ti tóbi lórí àwo rẹ̀ Saxophone Colossus ní 1956, kó tó mọ ọ̀nà afárá rárá.)

Nígbà tó padà dé, ó gbé The Bridge jáde ní 1962. Àwọn kan ń kùn pé kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Èmi ò gbà. Gìtá Jim Hall inú àwo yẹn dà bí ọ̀rẹ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, mo sì ń gbọ́ ọ ju ti Vanguard lọ. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Àbúrò mi dúró. "Ṣé kì í ṣe inú sítúdíò ni wọ́n ti ká ìyẹn?" Mo ní ká máa lọ, òòrùn ń mú.

Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ àwo Columbia sọ di sítúdíò ní East 30th Street, níbi tí wọ́n ti ká Kind of Blue, àwo Miles Davis tó ń fọn trumpet, ní 1959, wọ́n ti wó o. A wo ilé tó wà níbẹ̀ báyìí fún ìṣẹ́jú méjì. Ó tó bẹ́ẹ̀. Àwo náà dára, ta ló fẹ́ sọ pé kò dára? Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ṣe orin ìdí oúnjẹ títí etí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Miles Davis tèmi ni ti 12 oṣù Kejì 1964, ní Philharmonic Hall. Miles ti yọ̀ǹda owó eré alẹ́ yẹn fún iṣẹ́ àánú láì bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bínú gun orí ìtàgé. Ẹ gbọ́ àwo tó ti ibẹ̀ jáde, Four & More kí ẹ gbọ́ bí ìbínú ṣe ń sáré. Ọmọ ọdún 18 ni Tony Williams tó ń lu ìlù.

Bronx la ti kí Miles, nínú itẹ́ òkú Woodlawn, níbi tí Duke Ellington, àgbà olórin jáàsì, náà wà. Ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 4 ló gbé wa débẹ̀, a sì ṣìnà láàárín ibojì fún bí wákàtí kan. Òkúta dúdú tó ń dán ni tirẹ̀, wọ́n gbẹ́ trumpet sí i, wọ́n sì kọ àmì orin "Solar", tí wọ́n kà sí orin tirẹ̀, sára rẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé onígìtá kan, Chuck Wayne, ti ká orin yẹn ní 1946 lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ wo ẹjọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta!

A parí rẹ̀ sí Harlem, ní East 125th Street, níbi tí Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Ajido, ti dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀. Òun ni John Coltrane, afọn-sàksófóònù, kọ orin "Tunji" fún ní 1962. Ní 23 oṣù Kẹrin 1967, Coltrane ṣeré níbẹ̀, wọ́n sì ká a. Ní 17 oṣù Keje ló kú, ọmọ ọdún 40. Orin méjì péré ló wà nínú àwo náà, "Ogunde" ló ṣíwájú, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 25. Bí wọ́n ṣe ká a kò dára rárá, ohùn rẹ̀ ń fọ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ parí rí.

Mo fi íápíìsì kan sí etí àbúrò mi, mo fi ìkejì sí tèmi. Mo sọ fún un pé Algie DeWitt ń lu bàtá níbẹ̀, kó fara balẹ̀ wá a. Ó pa ojú dé. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó yọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ariwo ni."

Mo ní ariwo ni lóòótọ́. Ó lọ wá omi tútù rà. Mo fi íápíìsì kejì sétí, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń wá bàtá náà.